Òdòdó inú kọ́bọ́ọ̀dù

Òórùn sípíríìtì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá ènìyàn kó tó gún un lábẹ́rẹ́ kì í rán mi létí ilé ìwòsàn rárá. Yàrá bàọ́lọ́jì iléèwé wa ní Fate, nílùú Ìlọrin, ló máa ń gbé mi lọ, yàrá gígùn kan tí páànù òrùlé rẹ̀ máa ń dún bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, tí eruku ṣọ́ọ̀kì bo fèrèsé rẹ̀, tí kọ́bọ́ọ̀dù gàgàrà kan sì dúró lẹ́yìn tábìlì tíṣà. Ìgò sípíríìtì kan ń jò nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Òórùn rẹ̀ nìkan ló sì ń jáde síta níbẹ̀ lọ́dún tí mo ń wí yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí a wà ní kíláàsì àṣekágbá.

Ìjọba ló kó ohun èlò inú rẹ̀ wá: bíkà onígíláàsì oríṣiríṣi, àyódíìnì tó ń sọ sítáàṣì di dúdú, maikirosíkóòpù tí ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn ṣì wà lára wọn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní bẹ́líìtì tíṣà wa, pẹ̀lú àwọn kọ́kọ́rọ́ mìíràn tí a kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣí, gbogbo wọn á sì máa ró wọ̀ngàn-wọ̀ngàn bó bá ń rìn bọ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin náà kò ju kó dúró síwájú wa, kó máa ka nóòtì tí etí rẹ̀ ti gbó, kí àwa máa kọ ọ́ sílẹ̀. Á pe kọ́mà, á pe fúlúsítọ́ọ̀pù. Wọ́n ní ẹni tó bá ní òun máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ti ọrùn tirẹ̀ kò ju táì lọ.

Nóòtì yẹn dára o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé sẹ́ẹ̀lì inú ewé ń gba agbára oòrùn, ó ń fi omi àti afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ, ó sì ń tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù pamọ́ bíi sítáàṣì, irú èyí tí à ń fi sí aṣọ kó lè le. Bí oòrùn kò bá sí, á máa tú ìfipamọ́ yẹn jẹ díẹ̀díẹ̀, torí pé gbogbo ohun abẹ̀mí ló ń jó oúnjẹ tọ̀sán tòru kó tó lè rí agbára gbé ara rẹ̀ ró. Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn: ohun tí a jẹ ní sààrì nínú ààwẹ̀ ni ara ń tú lò títí di àkókò ìṣínu.

Ọ̀rẹ́ mi obìnrin tí a jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan gba nóòtì yẹn gbọ́ ju ẹni tó ń kà á lọ. Ìdílé Hausa tó ti pẹ́ nílùú ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ. Iléèwé nọ́ọ̀sì ló fẹ́ lọ, wọn kì í sì í gba ẹni tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú bàọ́lọ́jì. Ìdánwò àṣekágbá ní apá tí a ó fọwọ́ ara wa ṣe, bẹ́ẹ̀ a ò tí ì fọwọ́ kan bíkà rí. Ó bẹ tíṣà pé kó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún wa, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Èsì tó gbà ni pé ohun ìjọba ni, bí a bá fọ́ ọ, ṣé bàbá rẹ̀ ló máa rà á?

Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀. Tíṣà wa, tó ń wá ipò igbákejì ọ̀gá iléèwé lójú méjèèjì, gbé ìkòkò òdòdó pupa kan kúrò níwájú ọ́fíìsì, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fẹ́ kí sítáàṣì tán nínú ewé rẹ̀, kó lè fi han àwọn àlejò pé ewé tí kò bá rí oòrùn, àyódíìnì kì í sọ ọ́ di dúdú. Ọjọ́ méjì ti tó fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n epo wà nígbà náà, ọkọ̀ àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ kò rìn. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, wọ́n tún sún un, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Tíṣà kò gbé òdòdó jáde, ó ní ó ti gbaradì, kí ẹnikẹ́ni má dà á rú. Láràárọ̀, á ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, á bu omi sí i, á tì í padà bí ẹni tó ń bu omi fún ẹlẹ́wọ̀n.

Ọ̀rẹ́ mi dìde lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìfipamọ́ rẹ̀ ló ń jẹ látọjọ́ yìí. Bó bá jẹ ẹ́ tán ńkọ́?”

Tíṣà ní omi ti tó o. Ni ọ̀rẹ́ mi bá ṣí nóòtì, ó ka gbólóhùn tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ pè fún wa, tòun ti kọ́mà rẹ̀. Tíṣà ní kó lọ kúnlẹ̀ nínú oòrùn, kó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi lu aago ìparí. Inú bí mi gidigidi lọ́jọ́ náà. Ó ń fìyà jẹ ọmọ torí pé ọmọ gba ohun tó kọ́ ọ gbọ́.

Nígbà tí ìbẹ̀wò ku ọ̀la, ó wá kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó fi ọkàn kọ́ wa rí. Bí ìnsípẹ́kítọ̀ bá béèrè ọ̀rọ̀, kí gbogbo wa nawọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó na ọ̀tún, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó na òsì, kí òun lè mọ ẹni tí òun máa pè.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tó wọlé jẹ́ alhájì àgbàlagbà kan, ọmọ Ìlọrin gan-an. Ó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́, kíláàsì sì na ọwọ́ òsì sí i rẹpẹtẹ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó rọra béèrè bóyá báyìí ni a ṣe ń nawọ́ sí àgbà nílé wa. Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yára lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kó lè fi ìyẹn bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Igi gbígbẹ ló gbé jáde. Ìwọ̀nba ewé tó kù lára rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọn yòókù ti já bọ́ sórí ọ̀rá àwọn maikirosíkóòpù.

Alhájì béèrè ohun tó pa á. Tíṣà, tí ojú kò tì, ní kòkòrò ni. Àgbà náà yíjú sí wa, ó tún ìbéèrè náà bi wá. Ọwọ́ òsì tún gòkè, ọ̀tún kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Tíṣà wo ibòmíràn, ṣùgbọ́n alhájì fúnra rẹ̀ nàka sí ọ̀rẹ́ mi.

“Ebi ni, sà,” ó ní. “Ó jẹ ìfipamọ́ rẹ̀ tán, wọn ò sì jẹ́ kó rí oòrùn wá òmíràn.”

Àgbà náà mi orí. Ó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti òní lọ. Tíṣà wa, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, dáhùn pé, “Ìnṣáálà, sà.” Bí ọkọ̀ wọn ṣe yọ ní géètì ló ti kọ́bọ́ọ̀dù padà.

Ọjọ́ ìdánwò la kọ́kọ́ fọwọ́ kan bíkà. Ọ̀rẹ́ mi mọ gbogbo ohun tó ń lọ nínú ewé, ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Inú omi gbígbóná ló yẹ kó gbé sípíríìtì tí wọ́n fi ń bọ́ àwọ̀ ewé sí, ṣùgbọ́n nóòtì kò sọ ìyẹn. Ó gbé e ka iná gbangba, iná gbà á, ewé jóná, àkókò sì lọ. Páàsì lásán ló gbà, iléèwé nọ́ọ̀sì kò sì gbà á. Nígbà tó fi di ọdún kejì, ó ti ń bá bàbá rẹ̀ ta aṣọ. Ọjà náà ń tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń wá nìyẹn. Tíṣà di igbákejì ọ̀gá.

Nígbà tí àwọn ọdún yẹn ń parí lọ, mo pàdé tíṣà náà ní Ọ̀fà Garage níbi tí mo ti ń wá mọ́tò. Ó ti fẹ̀yìn tì, kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan ní bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó bi mí bóyá mo rántí yàrá bàọ́lọ́jì, kí n sì tó dáhùn, ó ti gbé àyà sókè.

“Títí mo fi fà á lé wọn lọ́wọ́,” ó ní, “ohun kan ò fọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.”

Mo ní ẹ kú iṣẹ́, sà, mo sì wọ mọ́tò. Mo rò ó títí a fi kúrò nílùú. Ewé ń fi oúnjẹ pamọ́ kó lè rí i ná lọ́jọ́ tí oòrùn kò sí. Ọkùnrin yìí fi tiwa pamọ́ títí ebi fi pa wá, ó sì ń retí kí n yìn ín. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ kí, kì í ṣe òun.