Ohun Tí Bùsàrí Rí Lórí Ààtàn Ìyá Dárasími

Bùsàrí kì í jowú onímọ́tò, kì í jowú onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá gbé ọkọ̀ tuntun wálé láti Èkó lọ́dún Iléyá, á bá wọn fọ̀ ọ́, á sì ṣe àdúà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà bá kó kireeti ẹyin kọjá níwájú ilé rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, tí kì í sì í ṣe ẹyin tirẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹyin Jọmílójú ni. Opó ni Jọmílójú, Ìyá Dárasími là ń pè é, oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan ló sì wà láàárín ilé òun àti ti Bùsàrí. Ọdún méjìlá ni Bùsàrí ti ń sin adìẹ kí obìnrin yìí tó ra àádọ́ta àkọ́kọ́. Bùsàrí gan-an ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ adìẹ tó lera lọ́jà. Kò pé ọdún mẹ́ta, adìẹ Jọmílójú di irinwó. Ti Bùsàrí ń lọ sílẹ̀ ní tirẹ̀: mẹ́jọ kú lóṣù kan, mẹ́tàdínlógún kú lóṣù tó tẹ̀ lé e.

"Obìnrin yẹn ní nǹkan tó ń lò," ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Àsíátù ìyàwó rẹ̀.

"Ìgbálẹ̀ ló ń lò, Bàbá Rídwàn. Mo máa ń gbọ́ ọ ní ìdájí."

"Ìgbálẹ̀ ló wá ń lé àrùn?"

"Ó kúkú ń lé ìdọ̀tí. Ẹ jẹ́ ká fi tiwa gbálẹ̀ ná."

Ohun tó wá bu iyọ̀ sí egbò náà ni pé Jọmílójú kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ilé adìẹ rẹ̀. Ní ìlú tiwa, bí o bá lọ kí èèyàn níbi iṣẹ́, tó wá dá ọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kù díẹ̀ kó pè ọ́ lólè. Bùsàrí lọ kí i lọ́jọ́ kan. Obìnrin náà yọ jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jókòó síta níbí. Inú adìẹ yín lẹsẹ̀ yín ti ń bọ̀."

"Ẹsẹ̀ mi? Kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Uṣẹ́ náà ló rí bẹ́ẹ̀."

Bùsàrí kò jókòó. Ó gbọn bàtà rẹ̀ nílẹ̀, ó lọ sílé. "Ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́! Ẹsẹ̀ mi ló ń rí! Kí ló ń fi pamọ́ síbẹ̀?"

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, bó ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, kò gba ojú ọ̀nà. Ó gba inú ẹ̀gẹ́, tòun ti jalàbíà funfun, títí ó fi dé ẹ̀yìn ilé Jọmílójú. Ó fi igi tú ààtàn rẹ̀. Ìwọ̀nba èèpo iṣu àti ọ̀rá ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló rí káàdì kápúsù méjì, irú kápúsù pupa àti yẹ́lò tí àwa èèyàn ń lò, wọ́n ti tẹ gbogbo rẹ̀ jáde tán. Ó rẹ́rìn-ín dúró síbẹ̀. Ọwọ́ ti tẹ àṣírí.

Ọjọ́ náà ló ra tirẹ̀ ní kẹ́míìsì. Láràárọ̀ ni yóò máa já kápúsù mẹ́wàá sínú omi adìẹ, àìsàn wà o, àìsàn ò sí o.

"Ta ló sọ fún yín pé adìẹ ń lò ó?" ni Àsíátù bi í.

"Ẹni tó ń rí ẹyin kó ni."

Ká má purọ́, ikú dín kù fún oṣù méjì. Bùsàrí wá ń to kireeti síwájú ilé títí di ọ̀sán, kí Jọmílójú lè rí i bó bá ń lọ sọ́jà. Obìnrin náà á kí i kú oríire, á sì kọjá lọ. Ìyẹn gan-an tún ń dun Bùsàrí. Ó fẹ́ kí ojú obìnrin náà korò díẹ̀.

Lóṣù kẹta, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Ó sọ kápúsù di ogún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: owó kireeti kan ni kápúsù ń jẹ lójúmọ́, kireeti mẹ́ta péré ni gbogbo adìẹ náà sì ń yé. Wọ́n sì ń kú síbẹ̀.

Àsíátù ló ń kó ìgbẹ́ adìẹ. Ọwọ́ lásán ló fi ń kó o, ó ń dà á sídìí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Lóṣù yẹn ni ibà mú un. Ìtọ̀ ń ta á bí ata, ẹ̀yìn ń dùn ún. Bùsàrí mú nínú kápúsù adìẹ fún un. Ọjọ́ márùn-ún, kò gbọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, Àsíátù kò lè dìde kírun. Ọkọ rẹ̀ gbé e sínú takisí, ó di ọsibítù Ìdó.

Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Oògùn márùn-ún ni wọ́n fi dán kòkòrò inú rẹ̀ wò, mẹ́rin kò rí i gbé ṣe. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló kù, kòkòrò náà sì ti wọnú ẹ̀jẹ̀. "Bí eléyìí ò bá ràn án," dókítà sọ fún un, "a ò ní òmíràn níbí."

Bùsàrí wálé wá kó aṣọ. Ta ló bá lẹ́nu ilé adìẹ rẹ̀? Jọmílójú ni, òun ló ń fún àwọn adìẹ náà lómi láti àná. Ó ti ránṣẹ́ pe Tèmítáyọ̀, obìnrin tó jẹ́ dókítà ẹran, ìyẹn náà sì ti dé. Dípò kí Bùsàrí dúpẹ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀ ni pé obìnrin yìí wá ka òkú adìẹ òun.

Tèmítáyọ̀ gbé káàdì kápúsù sókè. "Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ máa fún wọn ní èyí?"

Bùsàrí fi ẹnu tọ́ka sí Jọmílójú. "Ẹ bi í. Òun ló kọ́kọ́ lò ó. Mo rí i lórí ààtàn rẹ̀."

Jọmílójú sún mọ́ ọn. Ó gbé etí ìró sókè, àpá gbọọrọ kan wà ní ojúgun rẹ̀. "Wáyà ló ya mí lẹ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Dókítà ọsibítù ní kí n lò ó tán, mo lò ó tán. Èmi ni mo lò ó. Adìẹ mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Bùsàrí wá ibi jókòó. Ó jókòó sórí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Kòkòrò àìfojúrí wà nínú ikùn adìẹ," ni Tèmítáyọ̀ wí. "Àwọn kan nínú wọn ní nǹkan bí òrùka kékeré nínú ara, pílásímíìdì ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń borí oògùn ló wà lára rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fara kan ìkejì, á ṣe ẹ̀dà òrùka náà fún un, bí wọn ò tilẹ̀ jẹ́ ìran kan náà."

"Lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Lọ́fẹ̀ẹ́, bàbá."

"Kò ní fi pamọ́?"

"Nítorí kí ni? Ẹ̀yin lẹ sì ń bá wọn ṣe é. Bẹ́ ẹ ṣe ń já kápúsù sómi, àwọn tí kò lórùka ló ń kú, àwọn tó ní in ló ń gbilẹ̀. Wọ́n ń bá ìgbẹ́ jáde, wọ́n ń dé ọwọ́, wọ́n ń dé ẹnu. Bí wọ́n bá dé ikùn èèyàn, wọ́n á pín òrùka fún èyí tó ti wà níbẹ̀. Mi ò lè búra pé ọ̀nà tó gbà dé ara Màmá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀."

Bùsàrí dìde. Ó kó aṣọ, ó padà sí Ìdó, ó jókòó ti abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo yẹn. Lọ́jọ́ kẹrin ni ibà Àsíátù rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kọkànlá, wọ́n wálé.

Ní ọjọ́ kejì ni Bùsàrí lọ kan ilẹ̀kùn Jọmílójú. Obìnrin náà gbé bàtà rọ́bà fún un, ó ní kó ti ẹsẹ̀ bọ bàsíà omi apakòkòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ṣílẹ̀kùn. Bùsàrí wọlé. Ó wo òkè, ó wo abẹ́ àwo omi, ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Omi tó mọ́. Èérún pákó gbígbẹ. Ìgbálẹ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Inú bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ká ní oògùn ni, ìbá rà á.

"Kí lẹ rí níbẹ̀?" ni Àsíátù bi í láti orí ẹní nígbà tó délé.

"Ìgbálẹ̀."

Àsíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Ní àná, ọ̀kadà tún kọjá. Bùsàrí ka kireeti ẹ̀yìn rẹ̀: mẹ́tàlá. Ojú rẹ̀ korò. Àsíátù wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó na ìgbálẹ̀ sí i. Ó gbà á.