Ebè Olókùúta Ẹ̀yìn Ilé Wa

Kò! Kò! Kò!

Ìró ọ̀pá Ìyá àgbà ló pè mí jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo gbé ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ gba ẹ̀yìnkùlé, mo sì bá a níbẹ̀, ó fi ara ti ògiri, ó ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ níhìn-ín, ó ń gún un lọ́hùn-ún, ó ń dẹ etí sí i bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tó ń retí kí wọ́n dáhùn. Yangí ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa. Bí ọkọ́ bá kàn án, iná ló máa ń ṣẹ́ yọ. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ni, eruku pupa ṣì wà lára ewé, lára aṣọ, àti lórí páànù ilé.

"Ibí yìí ni," ó ní.

"Kí ló wà níbẹ̀, Ìyá?"

"Kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀. Lọ gbé àpótí mi wá."

Òun ló bí ìyá mi. Ìyá mi kú nígbà tí mi ò tíì mọ nǹkan kan, ọwọ́ Ìyá àgbà ni mo sì dàgbà sí, nínú agbo ilé wa ní Ọ̀fà, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ fèrè rélùwéè láti orí ẹní. Ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní bí ọdún mélòó kan kí a tó gba òmìnira. Ẹ̀fọ́ ni iṣẹ́ Ìyá. Ó ní àkùrọ̀ kan létí odò lọ́nà Ìjàgbó, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì ti gbẹ oko gbogbo ayé, tirẹ̀ a máa tutù minimini. Òórùn ewé tìmáàtì kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀, kódà bó bá fọ̀ ọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé garawa omi lérí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àpáta etí odò, ó sì fi ìbàdí lulẹ̀. Àwọn tó gbé e wálé sọ pé kò ké, pé ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé kí wọ́n má tẹ ata òun mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to egungun. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ẹsẹ̀ kan ti kúrú ju èkejì lọ. Ó lè rìn dé ilé ìdáná, ó lè rìn dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé kò ní fojú kan àkùrọ̀ náà mọ́.

Ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ń ta aṣọ ní Kàdúná. Bàbá Kàdúná ni gbogbo wa ń pè é. Ó wọ rélùwéè wá wò ó, wọ́n sì pe ìpàdé ẹbí sí yàrá Ìyá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Orí ẹní ló jókòó sí, nítòsí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó," ó ní. "Ẹ bá mi lọ sí Kàdúná, kí ẹ lọ sinmi. Ìyàwó mi á máa tọ́jú yín."

"Àṣàkẹ́ ńkọ́?"

Èmi ni Àṣàkẹ́. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣe bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Yàrá tí mo ní kò gbà wá tán, Ìyá. Yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí àwọn èèyàn yẹn rí, mi ò tiẹ̀ rántí ojú wọn. Mo wo ẹnu Ìyá, mo retí kó bú u, kó lé e jáde. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Mo gbọ́ ohun tí o sọ, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Fún mi láyè di Iléyá. Bí o bá dé tí o bá mi lórí ẹní tí mò ń retí ẹni tó máa bu oúnjẹ fún mi, èmi àti ìwọ la jọ máa wọ rélùwéè."

Ó gbà. Ó padà sí Kàdúná. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni mo bá Ìyá tó ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ yangí.

Mo gbé àpótí dé. Ó jókòó, ó rọra na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó sì na ọwọ́ síwájú títí tí kò fi lè nà án mọ́. Ó ní kí n fi èédú fa ilà síbi tí ìka òun dé. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún ara rẹ̀.

"Ó gbọ́dọ̀ ga tó báyìí. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ló máa dìde wá bá mi."

Ebè iṣu nìkan ni mo mọ̀ nígbà náà, èyí tó rí ṣóńṣó. Eléyìí tí Ìyá ń sọ gùn gbọọrọ, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi bẹ́ẹ̀dì. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé tí òrùlé rẹ̀ ti wó kí wọ́n tó bí mi, àlàpà rẹ̀ ló kù. Èmi ń fi ọkọ́ fọ́ àlàpà náà, mò ń ru ògúlùtu rẹ̀ wá, Ìyá ń po amọ̀, ó ń fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Orí àpótí ló ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, tó bá ti parí ibì kan, a jọ máa ti àpótí síwájú díẹ̀. Nígbà tí ògiri ebè náà yí po, a lọ kó ilẹ̀ dúdú láti orí ààtàn. A fi asẹ́ tó ti ya jọ̀ ọ́. A da eérú sí i, a gún imí ewúrẹ́ gbígbẹ, a dà á pọ̀ mọ́ ọn. Òórùn rẹ̀ kì í tètè ṣí lọ́wọ́. Ní ilé kéú, alùfáà wa a máa wò mí títí, á sì ní kí n lọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé.

Ó po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà ṣù jọ, ó ń fọ́n ọn bí ẹni tó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó gbin ṣọkọ sí apá kan. Nígbà tí wọ́n yọ, mo sáré wọlé lọ pè é. Ó ní òun ti rí wọn kí n tó jí.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà kò fi ara balẹ̀ wá. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé, ó gbọn páànù, ó ká aṣọ tí a sá, lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹni pé ẹnì kan yí odò dé. Ìgbà tó dá, tí a jáde, kò sí ebè mọ́. Ògiri amọ̀ náà ti yọ́ bí ẹ̀kọ tó bọ́ sómi. Ilẹ̀ dúdú wa ti bá àgbàrá lọ, àwọn tẹ̀tẹ̀ kéékèèké sùn kalẹ̀ lójú ẹrẹ̀, gbòǹgbò wọn sókè.

Mo bú sẹ́kún. Ìyàwó ilé kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ìkáàánú. "Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà ṣe ara yín léṣe. Ṣebí Bàbá Kàdúná ń bọ̀."

"Ó ń bọ̀ lóòótọ́," Ìyá dáhùn. Ó yí sí mi. "Nu ojú rẹ, kí o wá bu oúnjẹ wá."

Ó jẹun, ó jẹ ẹ́ tán. Ó mu omi. Lẹ́yìn náà ló ní kí n mú òun lọ síbi tí ebè náà wó sí. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó ń tọ ipa ibi tí omi gbà kọjá.

"Mo rí i," ó ní. "Omi fẹ́ kọjá, èmi sì dí i lọ́nà. Amọ̀ ò lè dúró. Òkúta ni kí a wá."

"Ta ló máa bá wa gbé òkúta, Ìyá?"

"Gbogbo wọn."

Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó là, ó ní kí n gbé àpótí òun sí ẹnu ọ̀nà agbo ilé, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ sóko gbọ́dọ̀ gbà. Bí àwọn obìnrin ti ń kúnlẹ̀ kí i, ló ń dá wọn lóhùn: "Ẹ káàárọ̀, ìyàwó mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Bí ẹ bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ bá mi mú òkúta kan wá. Ẹyọ kan ni o, èyí tí kò ní wọ̀ yín lọ́rùn." Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún àwọn ọkùnrin.

Ta ló lè sọ pé òkúta kan pọ̀ jù fún òun? Nírọ̀lẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró wọn lẹ́yìnkùlé: gbì, gbì. Àwọn kan kó méjì mẹ́ta wá. Ọmọdé kan mú òkúta tó kéré bí ẹyin àdìẹ wá, Ìyá sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ki ọmọ náà ní oríkì, ó wá àyè fún òkúta rẹ̀ láàárín àwọn ńláńlá. Ìyàwó ilé tó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ló gbé èyí tó tóbi jù wá. Ó jù ú sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Ìyá to òkúta náà bí eyín. Á gbé ọ̀kan, á yí i, á gbé e kúrò, á tún mú òmíràn. Kò fi amọ̀ dí ìsàlẹ̀ wọn. A tẹ́ àpáàdì ìkòkò sí ìdí ebè, a kó pòròpórò àgbàdo gbígbẹ lé e, kí ilẹ̀ dúdú tó wá sókè. A fi ẹ̀gún ká a nítorí ewúrẹ́. Ọ̀sán ni òjò ńlá kejì rọ̀. Èmi àti Ìyá dúró lábẹ́ òrùlé, a ń wò. Omi gbá ebè náà lójú, mo di aṣọ Ìyá mú. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí omi ń jáde láàárín òkúta, tín-ín-rín tín-ín-rín, ó mọ́ gaara, ó ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́. Ebè náà dúró. Ìyá fún èjìká mi pọ̀, títí ó fi ń dùn mí.

Kí Iléyá tó dé, ebè ti di méjì. Tẹ̀tẹ̀ ga, ṣọkọ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ata wẹ́wẹ́ ń yọ òdòdó, gbúre tí a kò gbìn pàápàá wá fúnra rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé á wá nírọ̀lẹ́, Ìyá á sì máa pàṣẹ lórí àpótí: "Láti òkè ni kí o ti já a! Bí o bá fà á tu, kí la máa jẹ lọ́la?" Àwọn náà kò wá lọ́wọ́ òfo. Òmíràn mú èlùbọ́ wá, òmíràn mú iṣu.

Ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá ni Bàbá Kàdúná dé. Mo gbọ́ fèrè rélùwéè, mo sì sáré lọ bá Ìyá lẹ́yìnkùlé. Ó wọ yàrá, kò bá ẹnì kankan lórí ẹní. Ó tọ ohùn wa wá sẹ́yìnkùlé, ó sì dúró. Ìyá ń já ẹ̀fọ́.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo bá dé? Jókòó, kí o bá mi já ti apá ọ̀hún, ọwọ́ mi ò tó o."

Ó jókòó sétí òkúta pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ó ń já ẹ̀fọ́.

"Ìyá, bó bá rẹ̀ yín ńkọ́?"

"Bó bá rẹ̀ mí, màá ránṣẹ́ sí ọ. Mi ò sọ pé mi ò ní wá sọ́dọ̀ rẹ láé. Mo kàn sọ pé kò tíì yá ni."

Ó já ẹ̀fọ́ lọ. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a ṣe Iléyá tán, ó bọ́ agbádá, ó kó ọ̀pá oparun àti imọ̀ ọ̀pẹ wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Àtíbàbà ló ń pa, síbi tí Ìyá máa ń jókòó sí.

"Oòrùn ibí yìí ti pọ̀ jù fún wọn," ó ní, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló pè mí. "Àṣàkẹ́, di òpó yìí mú dáadáa." Bí mo ṣe mọ̀ pé mi ò lọ sí Ìlọrin nìyẹn.

Ìyá pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà náà. Ó rí òmìnira, ó rí mi parí ilé ìwé, ó sì rọra lọ nínú oorun, ní àsìkò tí ilá ń so. Mo ti dàgbà ju bó ti dàgbà nígbà tó ṣe ebè náà lọ báyìí, mo sì ti gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìn gbogbo ilé tí mo gbé, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ dúdú, ìbáà jẹ́ sìmẹ́ńtì. Ọ̀pọ̀ èèyàn sọ fún mi pé olóríkunkun ni ìyá mi àgbà. Mi ò gbà. Olóríkunkun kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn. Òun gbọ́ ti gbogbo èèyàn, àní ti òjò, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n bá òun pinnu ohun tí òun fẹ́. Nígbà tí ọkọ mi kú tí àwọn ọmọ ṣì kéré, àwọn tó wá kí mi ń sunkún, wọ́n ń bi mí pé báwo ni màá ṣe ṣe é. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí iwájú ilé láàárọ̀, mo fi òwú sí i, mo bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ nǹkan, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ dáwọ́ lé, kí n tó wá ẹni tí màá bẹ̀.