Ìyá Kì Í Rìn Bí A Kò Bá Gberin

Inú ṣì ń bí mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí n mú ọ̀kan, kó wá bá mi ní ìsọ̀ òkìríkà mi n'Ìkọ̀lé.

Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ jí eré olórin àtijọ́ dìde l'Ọ̀yẹ́, eré ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Nígbà tí a wà lọ́mọge, ọ̀rẹ́ mi oníṣu, ará Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ló máa ń ṣe ìyá yẹn. Kò jẹ́ kí a sinmi mọ́: "Mo fẹ́ gbọ́ orin mi lẹ́nu ẹlòmíràn kí n tó kú." Bí èmi, òun àti Alhája aláta ṣe wọ táksí nìyẹn.

Nínú eré yẹn, àwa òǹwòran ni ará ìlú. Ìyá á kọ ọ́ pé, "Ẹ bá mi rọ́mọ mi lọ́nà bí?" Àwa á gberin, "A ò rí i o, máa lọ síwájú." Bí a kò bá gberin, ìyá kì í gbẹ́sẹ̀.

Nígbà tí a dé Ọ̀yẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ìyá jáde sórí ìtàgé, ó kọrin. Ọ̀rẹ́ mi gberin kíkankíkan. Ni ọ̀dọ́kùnrin oníkóòtù kan bá sáré dé:

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ dákẹ́. À ń ya fídíò."

"Fídíò bàbá ta ni?" ni mo wí.

Alhája ní, "Fi í lẹ̀. Ó bẹ̀rù kámẹ́rà ju Ọlọ́run lọ."

Ọ̀rẹ́ mi panu mọ́. Ọmọbìnrin náà tún kọrin, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ó dúró gbagidi. Ó tún un kọ, kò gbẹ́sẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan náà tó ní kó má rìn àfi tí a bá gberin ló ní kí àwa dákẹ́! Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ̀rẹ́ mi.

"Gberin, jàre!"

"Wọ́n ní kí n dákẹ́."

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ìdákẹ́ lo wá ṣe níbí?"

"Wọn kì í lé mi nídìí àwo kí n tún padà bu òkèlè."

Mo gbè é fúnra mi. Ohùn mi dà bíi ti ewúrẹ́ tí òjò pa, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n paná orí ìtàgé, wọ́n sì fo ìyókù orin náà. Mo bínú sí wọn, mo bínú sí ọ̀rẹ́ mi náà.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀ nínú táksí n'Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, kò kúrò lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ulé ńkọ́? Ṣé o ò relé ni?" ni Alhája bi í.

Ló bá la ohùn: "Ẹ bá mi rọ́mọ mi lọ́nà bí?"

Èmi àti Alhája yọrí lójú fèrèsé: "A ò rí i o, máa lọ síwájú!"

Ìgbà yẹn ló tó gbẹ́sẹ̀.

"Màmá, ọmọ yín sọnù ni?" ni awakọ̀ wí.

Mo ní, "Wa ọkọ̀ rẹ."