Ọjọ́ Mẹ́tàdínláàádọ́ta tí Verlin Maupin Fi Wà Nílé

Bí ẹ bá kú ní ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Kentucky níbí, tí ẹ sì ti ṣe ológun rí, Verlin Maupin ló máa fun fèrè ìdágbére lé yín lórí létí sàréè. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Ó fun ún fún akọni, ó fun ún fún ọ̀mùtí, ó fun ún fún ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ní ká yára bò ó kó má baà yí ọkàn padà. Tó bá ti fun ún tán, àwọn yòókù á wọ gbọ̀ngàn àwọn ológun-fẹ̀yìntì lọ jẹ ẹja díndín àti búrẹ́dì àgbàdo. Verlin á gba abọ́ tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, nítorí ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun kò dáa.

“Òfin ni, Verlin,” ni Hobart Crouch, alága ẹgbẹ́, máa ń sọ bó bá ń na abọ́ sí i. “Kì í ṣe èmi ni mo ṣe é.”

Hobart fúnra rẹ̀, oṣù mẹ́jọ péré ló fi wọ aṣọ ìjọba, ibi tí wọ́n ń kó búláńkẹ́ẹ̀tì sí ní Georgia ló sì ti wọ̀ ọ́. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà, wọ́n ní ó ṣeun. Ìwé tirẹ̀ mọ́ tónítóní.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní Ardith. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì kékeré kan nínú ilé ẹjọ́ wa, tí mò ń bá àwọn ológun àtijọ́ kọ̀wé sí ìjọba. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ tí ìjọba ń fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe mọ irú oúnjẹ tí ológbò mi ń jẹ. Ọdún 2008 ni Verlin wọlé tọ̀ mí wá, tó ń wúkọ́, tó fi fìlà rẹ̀ sórí orúnkún.

“Ardith, dókítà ní kí n má wulẹ̀ ra bàtà tuntun.”

“Ó burú tó bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀dọ̀fóró ni. Ó lè tó ọdún méjì, ó lè má tó.” Ó wo fèrèsé. “Mo fẹ́ kí wọ́n fun fèrè fún èmi náà. Kí wọ́n ká àsíá lé mi lórí. Mo ti ṣe é fún gbogbo ayé, kí wọ́n má wá gbé mi sin bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ rí.”

“Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ kò gbà á.”

“Ṣebí ìdí tí mo fi wá nìyẹn.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ kò ṣòro. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1971, Verlin jẹ́ ọmọ ogún ọdún nínú bárékè kan ní ìhà gúúsù. Nílé, bàbá rẹ̀ ń fi tábà kọ́ sókè aká kó lè gbẹ, igi tó dúró lé yẹ̀, ó já bọ́, itan rẹ̀ ṣẹ́. Tábà kì í sì í dúró de itan. Bó bá ti pọ́n tí ẹ ò gé e, ojú yín ló máa bàjẹ́ sí. Verlin lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ kápútẹ́nì rẹ̀. Wọ́n ní kápútẹ́nì kò sí ní ọ́fíìsì. Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì, kò sí. Lọ́jọ́ kẹta, akọ̀wé ní kó lọ jókòó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin ó jókòó lóòótọ́, inú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní Kentucky ló jókòó sí.

Ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta ló lò nílé. Nígbà tó parí iṣẹ́, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà lọ bá wọn. Wọ́n tì í mọ́lé fúngbà díẹ̀, wọ́n lé e, wọ́n sì fún un ní ìwé tó sọ pé ẹni tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ béèrè ní àdúgbò wa ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju Verlin lọ. Inú máa ń bí mi bí mo bá ti rántí rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ kan wà lókè tó ń tún ìwé bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò. Ìwé nìkan ni wọ́n ń kà, wọn kì í rí ojú èèyàn. Nítorí náà mo kọ́ Verlin ní ohun tó máa ṣe.

“Kọ ọ́ pé o kábàámọ̀,” ni mo sọ. “Wọ́n fẹ́ràn kéèyàn máa kábàámọ̀.”

“Mo kábàámọ̀ lóòótọ́.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́.”

Ó kọ ọ́, ó sì gbé e fún mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: “Títí dòní ló ń dùn mí pé mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko dúró de kápútẹ́nì kí n tó lọ.”

Mo ní kó tún un kọ. Ó ní kí ni kí òun tún kọ nígbà tó jẹ́ pé òótọ́ ni.

Ìyẹn ṣì kéré. Ìgbìmọ̀ máa ń fẹ́ lẹ́tà láti ọwọ́ àwọn aládùúgbò, pé oníwà rere ni ẹni náà. Mo ránṣẹ́ sí ilé mẹ́rin. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé ni Àǹtí Icel Goodpaster, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa tan, àmọ́ kò sẹ́ni tí kì í pè é ní àǹtí. Ó ní òun máa sọ ọ́, kí n máa tẹ̀ ẹ́.

“Kọ ọ́ pé ẹ̀yìn ń dun ọkọ mi lọ́dún náà, kò lè bẹ̀rẹ̀. Verlin wá gé tábà wa fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí ọlọ́pàá ológun wá béèrè rẹ̀, mo ní ó ti lọ sí Ohio. Mo gé páì fún wọn, wọ́n jókòó jẹ ẹ́ níwájú ilé mi. Verlin wà lókè aká lẹ́yìn wọn, tó ń kọ́ tábà.”

“Àǹtí, a ò lè fi eléyìí ránṣẹ́.”

“Irọ́ wà nínú rẹ̀?”

“Kò sí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.”

“Tẹ̀ ẹ́, jàre. Kọ ọ́ pé páì èso bẹ́rì ni, kí wọ́n má rò pé mo fi nǹkan burúkú tan àlejò jẹ.”

Ilé mẹ́ta yòókù kò sàn jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹnì kan kì í dá tábà gé. Àáró la máa ń ṣe. Ilé mẹ́rin yẹn ti bá bàbá Verlin gé tirẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, bàbá sì ti wà lórí ibùsùn, ta ló máa san án padà? Ọmọ ni. Oko bàbá gba ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó wá bọ́ sí ti àwọn mẹ́rin náà. Kò sì sí bí a ṣe lè yin èèyàn ní àdúgbò yìí ju ká sọ iye ọjọ́ tó bá wa gé tábà. Àwọn míì fi ń wàásù ìsìnkú. Bí olúkúlùkù ṣe wọlé ló ń ka ọjọ́ tirẹ̀: mọ́kànlá, mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, ti ilé Crouch ni, ẹ̀gbọ́n Hobart obìnrin ló mú lẹ́tà rẹ̀ wá. Ìgbà tí Hobart ń ka búláńkẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún ni Verlin ń gé tábà bàbá Hobart níbí. Hobart kò kọ lẹ́tà kankan. Ó ní alága kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀jọ̀gbọ́n, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpòòwé, mo sì fi ránṣẹ́. Èsì dé lẹ́yìn oṣù méje. “Ẹ sọ pé ìtọ́jú bàbá yín ló gbé yín lọ. Àwọn ẹlẹ́rìí yín fúnra wọn ló fi hàn pé ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ lò lóko bàbá yín, tí ẹ sì lo méjìdínlógójì lóko ẹlòmíràn. Ẹ ṣàlàyé.”

Mo kà á fún Verlin lórí tẹlifóònù.

“Kí ni wọ́n ní kí n ṣàlàyé níbẹ̀?” ó béèrè. “Bí mo bá gé ti bàbá mi nìkan, ta ló máa bá a gé tọdún tó ń bọ̀?”

“Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Báwo lo tún fẹ́ kọ ọ́?”

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé a ti pàdánù. Mo tilẹ̀ ń ro ohun tí màá sọ fún un tí kò ní pa á kí àìsàn tó pa á.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, àpòòwé ńlá kan dé. Mo já a, mo sì jókòó. Ìgbìmọ̀ kò sọ nǹkan kan nípa itan bàbá. Wọn kò sọ nípa àáró, wọn kò sọ nípa páì. Ẹnì kan níbẹ̀ ló kàn lọ tú ìwé àtijọ́ wò. Ó rí i pé kápútẹ́nì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn pé òun fúnra òun to àwọn ọmọ ogun, òun kà wọ́n, òun kò rí Verlin. Ó tún rí i pé lọ́jọ́ náà gan-an, Florida ni kápútẹ́nì wà, níbi ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó rẹ̀, kò sì gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ó kàn jẹ́ pé eérú yìí lo ọdún mọ́kàndínlógójì lójú ọ̀nà.

Nítorí náà ẹ̀sùn di òfo. Bí ẹ̀sùn sì ti di òfo, ìsáǹsá náà di òfo. Wọ́n tẹ ìwé tuntun fún Verlin, ìwé oníyì, tó sọ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó wọlé títí dọjọ́ tó jáde, kò pa ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta níwájú mi.

“Wọ́n ní mi ò lọ.”

“Wọ́n ní o níyì, Verlin. Fèrè ti dé. Àsíá ti dé.”

“Ardith, wọ́n ní mi ò lọ. Ìyẹn ni pé inú bárékè ni mo wà ní gbogbo ọjọ́ yẹn.” Ikọ́ mú un, ó dúró kí ó lọ tán. “Tẹ ìwé míì sí wọn. Sọ fún wọn pé mo lọ.”

“Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gba ìwé wọn padà.”

Bó bá bú mi ni, ì bá sàn fún mi. Nígbà tó yá ó mú fìlà rẹ̀, ó ní, “Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.” Ó dùn mí dé egungun, nítorí yàtọ̀ sí ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò sí ohun míì tí mo mọ̀ tó fi ń yangàn láyé yìí.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa yàtọ̀. Òtítọ́ ló ti lọ fún ọdún mọ́kàndínlógójì, irọ́ sì bá a lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Àǹtí Icel, ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

“Ta ló wá gé tábà mi nígbà náà? Áńgẹ́lì?”

“Àǹtí, ìwé lásán ni.”

“Ṣé kì í ṣe ìwé lásán ni wọ́n fi bà á lórúkọ jẹ́ látìgbà yìí?”

Mo da tíì kún ife rẹ̀.

Hobart mú káàdì ọmọ ẹgbẹ́ lọ fún Verlin nílé, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kó máa gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Verlin lọ. Ó jẹ ẹja nínú gbọ̀ngàn ní ọjọ́ Ẹtì mẹ́fà, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ máa ń dín ẹja. Mo bi í bó ṣe rí, ó ní ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn gbóná jù ú lọ. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì keje, ó ti kú.

A sin ín nínú oṣù kejì, òjò dídì wà nílẹ̀. Ìjọba rán ọmọ ológun méjì wá, wọ́n kéré, etí wọn pọ́n fún òtútù. Ọ̀kan gbé fèrè sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló ń jáde nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó mọ̀ ọ́n fun ní àdúgbò wa ni a fẹ́ sin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká àsíá. Àṣà ẹgbẹ́ ni kí alága ka ìwé iṣẹ́ òkú sókè létí sàréè. Hobart gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó ń kà á: ọjọ́ tó wọlé, ipò rẹ̀, ọjọ́ tó jáde. Ó dé ìsàlẹ̀.

“Kò pa ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kò sì kúrò ní bárékè láìgbàyè.”

Ó gbójú sókè wò wá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

“Irọ́ nìyẹn,” ni Àǹtí Icel sọ lórí àga rẹ̀. Kò pariwo. “Ó wá.”

Ọmọ ológun tó ń ká àsíá dúró. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó ṣe.

“Ó wá,” ni ẹnì kan láti ilé kejì sọ. Ti ilé kẹta náà sọ ọ́, àti ẹ̀gbọ́n Hobart, àti èmi tí Verlin kò bá gé igi tábà kan rí, tó jẹ́ pé ìwé ni mo bá a tẹ̀. Gbogbo wa wá ń wo Hobart.

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ká ìwé ìjọba náà sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin.

“Ó wá,” ló sọ. “Èmi ni mi ò sí nílé.”