Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Télọ̀

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí àbúrò mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ lórí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló ń ṣe, mo máa ń ní ọlọ́pàá ikọ́ ni. Irọ́ kọ́. Bí ikọ́ fée tí oògùn ò ràn bá wọ àdúgbò, òun ló ń yọ àbùdá kòkòrò náà, tí yóò di ìlà dúdú dúdú lórí ìwé, bí ìtẹ̀ka. Bí ìlà ẹni méjì bá bára mu, wọ́n á mọ̀ pé ibì kan náà ni wọ́n ti kó o.

Tó bá ti wọlé báyìí, á na ẹsẹ̀ sórí àga. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti rẹ̀ mí." Mo ti gbọ́ ọ títí, ó ti sú mi.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kó wá ibi tí télọ̀ kan ti kó ikọ́ tirẹ̀. Ìlà télọ̀ bá ti obìnrin awakọ̀ kan mu gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ò pàdé rí. Àbúrò mi tú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ọjọ́ kan náà ló fọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn méjèèjì, ti awakọ̀ ṣáájú, ti télọ̀ tẹ̀lé e, ìgò kan náà ló sì fi da omi ìfọ̀ sí méjèèjì. Ẹnu ìgò ló gbé kòkòrò awakọ̀ dé inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ télọ̀. Òfin wọn ni pé kí kálukú ní ìgò tirẹ̀, àmọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọgọ́ta ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni méjì péré ló sì ń ṣe é.

Ikọ́ lásán ló ń ṣe télọ̀. Oṣù márùn-ún ló ti ń gba abẹ́rẹ́ líle tí wọ́n fi ń wo ikọ́ fée.

Nígbà tó sọ fún mi, ẹ̀rù bà mí, mo bá jágbe mọ́ ọn. "Pa ẹnu ẹ mọ́! Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀."

Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì dá abẹ́rẹ́ dúró. Ọ̀gá fẹ́ rán dókítà sí télọ̀, àbúrò mi kọ̀, ó ní òun fúnra òun lòun máa lọ. Mo tẹ̀lé e. Télọ̀ wà nídìí máṣíìnì, ó ń ran ọrùn aṣọ. Àbúrò mi kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò ní àrùn yẹn rí. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wo ẹnu àbúrò mi. Ìyàwó rẹ̀ jáde láti inú yàrá.

"Ẹ má bínú, mà. Abẹ́rẹ́ yẹn ti gba etí wọn. Ẹ bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó na ìwé àti bíró sí i.