Iyọ̀ àti Èédú Lábẹ́ Fèrèsé

Bí iná bá dé ní àdúgbò wa n'Ígàndó, àwọn ọmọdé á hó yèè, èmi á sáré. Mo ti fẹsẹ̀ kọ àga, mo ti da ọbẹ̀ sílẹ̀, torí ẹ̀rọ ọ́síjìn bàbá mi tí mo fẹ́ sáré yọ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nílé wa, tí iná bá lọ, a ó yọ gbogbo nǹkan, a ó fi gílóòbù kan ṣoṣo sílẹ̀ ní pálọ̀. Òun la fi ń dán iná wò. Tó bá dé tó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣùgbọ́n iná tiwa a máa lọ, a sì tún dé kéèyàn tó dìde lórí ìjókòó. Ìdí eré mi nìyẹn.

Abà pákó ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ dàgbà, ní Ìdímù. Ìyẹ̀fun igi tó fà símú láti ìgbà èwe ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Dókítà ní kó máa fi ẹ̀rọ mí. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ò pẹ́ lọ́wọ́ wa. Iná lọ, iná dé, ẹ̀rọ dún pàù, rọ́bà jóná ń rùn. Mo rí bàbá mi tó ń na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ mú afẹ́fẹ́ lókè. Kẹ̀kẹ́ la fi gbé e dé ọsibítù, orí itan mi ló wà, mò ń pariwo lé oníkẹ̀kẹ́ lórí. A wá rí ẹ̀rọ kejì rà. Ibi tí ẹ̀kẹta ti máa wá, kò sí.

Láti ọjọ́ náà, ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Mi ò lè jókòó jẹun tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan lórí fóònù nípa ohun tí wọ́n ń pè ní sọ́ọ̀jì, ìyẹn ohun tó ń gba iná tó bá ta gìrì wọlé kó tó kan ẹ̀rọ. Mo rí i pé oríṣi mẹ́ta ni. Ọ̀kan ń wà níbi tí wáyà ti ń wọlé láti orí òpó, òun ló ń kojú àrá. Ọ̀kan ń gbé inú àpótí fíúsì, ó ń gba èyí tó bá ṣẹ́kù. Ọ̀kan tó kù ni tìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó máa ń wà lára ẹkisitẹ́ńṣọ̀n, èyí tí gbogbo wa ń rà tá a rò pé ó ti parí.

Mo mú ọ̀nà pọ̀n, ó di Ìkòtún. Ọkùnrin tó ń ta nǹkan iná gbé ọ̀kan fún mi.

"Mọ́mì, eléyìí ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀, òun ló tóbi jù!"

Mo wo ibi tó fìka sí. "Iye iná tó máa jẹ́ kó kọjá sára ẹ̀rọ mi lẹ ń fi hàn mí yẹn! Kékeré ni mo fẹ́ kíyẹn jẹ́. Èyí tó lè gbé mì ni mo fẹ́ kó tóbi. Àbí ẹ fẹ́ pa bàbá mi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, jàre. Ẹ̀yin náà ti di ẹnjiníà."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo tún wo nọ́ńbà fọ́ọ̀tì, ìyẹn gíga iná tó lè máa fara dà lójoojúmọ́, torí iná tiwa a máa ga kọjá bó ṣe yẹ. Tí nọ́ńbà yẹn bá ti sún mọ́ iná wa jù, sọ́ọ̀jì á jó fúnra rẹ̀, láìsí àrá kankan. Mo mú ti àpótí fíúsì, mo mú ti ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo tún ra gáàdì tó ń já iná tó bá ga tó sì dúró síbẹ̀, torí sọ́ọ̀jì ò mọ ìyẹn ṣe. Ohun tó bá ta gìrì tó sì lọ ni tiẹ̀.

Oníṣẹ́ iná wá láti Ayọ̀bọ̀. Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, ó sì mi orí. Ihò kẹta, tó yẹ kí wáyà ilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, òfìfo ni. Ohun kan ṣoṣo tá a mọ ihò yẹn sí nílé wa ni ká fi ìdérí báírò tì í kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Ó ní, "Aǹtí, sọ́ọ̀jì tí ò rí ilẹ̀, ibo lẹ fẹ́ kó da iná náà sí?" Bó ṣe gbẹ́ ihò jíjìn sábẹ́ fèrèsé bàbá mi nìyẹn. Ó ti ọ̀pá bàbà bọ̀ ọ́, ó ń da iyọ̀ àti èédú sí i, bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe é, kí ilẹ̀ lè gba iná dáadáa.

Àfi bí ìyá onílé ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nínú sùtánà funfun wọn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Iyọ̀! Èédú! Kí lẹ ń rì mọ́ inú ilé mi?"

"Màmá, ti iná ni."

"Iná wo ló ń jẹ iyọ̀? Ẹ hú u! Ẹ hú u kíá!"

Àwọn ará ilé tú jáde. Mo fárígá, mo ní wọn ò ní hú nǹkan kan. Oníṣẹ́ iná ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ sá. Ojú ọ̀run sì ti ṣú láti àárọ̀. Bàbá mi ló dá wa lẹ́kun. Ó ti yọ rọ́bà ọ́síjìn nímú, ó rọra rìn dé fèrèsé, ó di irin rẹ̀ mú.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é." Ó dúró, ó wá èémí. "Èmi ni mò ń sùn tì í. Tó bá jẹ́ nǹkan burúkú, èmi ló máa kọ́kọ́ pa."

Ikọ́ wá gbé e. Ìyá onílé wò ó títí. Wọ́n kúnlẹ̀ sídìí ihò náà, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì da omi àdúrà wọn sí i. Oníṣẹ́ iná rọra sọ fún mi pé omi dára fún un, kí n má dá wọn dúró.

Ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó tó lọ. Ọjọ́ tí àrá wá sán, ọ̀sán ni. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí fíúsì. Ó dún ta! Iná ò lọ. Mo gbọ́ ẹ̀rọ bàbá mi tó ń kùn lọ, mo fò sókè, mo ní "Alhamdulillah!" Mo wá ṣí àpótí. Ojú sọ́ọ̀jì tó máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé ti pọ́n. Ó ti gbà á, ó sì ti kú. Òjò ṣì ń rọ̀, àrá ṣì ń kùn lọ́nà Ayọ̀bọ̀. Mo pe oníṣẹ́ iná, ó ní ó di ìgbà tí òjò bá dá. Jẹnẹrétọ̀ wa kékeré ò sì lè gbé ẹ̀rọ náà.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Tí mo bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀, àrá kan péré sí i ti tó láti bà á jẹ́, torí ti ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì ò lè dá àrá gbà. Tí mo bá yọ ọ́, bàbá mi ò ní afẹ́fẹ́. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì, mo ń fi sílẹ̀. Ó ń wò mí.

"Ṣé ó ti bàjẹ́?"

"Ẹ̀rọ kọ́ o, bàbá mi. Ohun tó ń ṣọ́ ọ ni."

"Fà á yọ, jàre. Màá mí fúnra mi títí òjò á fi dá."

"Ẹ ò lè mí, bàbá mi!"

"Jókòó," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ rẹ tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn gan-an ló ń já èémí mọ́ mi nínú."

Mo fà á yọ. Yàrá dákẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ mi lé àyà rẹ̀, mo sì ń bá a mí, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fara balẹ̀ jókòó látìgbà tí ẹ̀rọ kejì ti wọ ilé wa.