Ìka Tí Dígí Kò Gbọ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn bí ẹni tó jẹun yó. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi kò já lu ìjàpá, kò já lu ehoro. Orí ìka ẹ̀gbọ́n mi aránṣọ ló já lé, ẹni tí ẹ̀yin ń pè ní Màmá Abẹ́rẹ́.

Inú kan náà ló bí wa, àwa méjèèjì ò sì mọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti mọ nǹkan. Bó bá mú ṣọ́ọ̀kì, ọrùn ẹ̀wù tó bá fà sórí aṣọ á rí róbótó bí ẹyinjú. Wọ́n á ní, "Wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ!" Èmi á wo ọwọ́ tèmi, inú á máa bí mi.

Nígbà tí irun wa funfun tán, wọ́n ní kí àwa arúgbó máa wá sí ọsibítù lọ́dọọdún, kí nọ́ọ̀sì wò ó bóyá iyè wa kò tíì ra. Lọ́dún àkọ́kọ́, bébà àti pẹ́ńsù ni nọ́ọ̀sì fi dán iyè wa wò.

"Màmá, ẹ ya aago fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ya tirẹ̀ bí ẹni fa ọrùn ẹ̀wù. Nọ́ńbà inú rẹ̀, ara téèpù tó fi ń wọn aṣọ ló ti mọ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Èmi tí n kò fọwọ́ kan pẹ́ńsù rí, mo dì í mú bí ọmọ odó, bébà ya, aago mi sì wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi yọjú wò ó. "Àbúrò mi, aago rẹ yìí, ṣé ebi ló ń pa á ni, àbí ẹnìkan jókòó lé e?"

Gbogbo arúgbó ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dókítà wá sọ fún bàbá yín pé iyè mi ti ń ra, kí n má dá dáná mọ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi jókòó, tí mò ń wo ìyá yín tó ń fi iyọ̀ ba ọbẹ̀ jẹ́ (ẹ má sọ fún un o), tí máṣíìnì ẹ̀gbọ́n mi sì ń dún káràkárà lódìkejì títì. Àfi bíi pé àyà mi ló ń rán.

Lọ́dún kejì, kò sí bébà mọ́. Fóònù ńlá kan tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun ni nọ́ọ̀sì gbé sílẹ̀. Àwòrán á jáde, á lọ, ìwọ á fi ìka kan àwọn tó o ti rí tẹ́lẹ̀. Ṣebí irú eré tí a jọ ń ṣe lórí fóònù ìyá yín nìyẹn? Mo kàn wọ́n, mo kàn wọ́n, mẹ́ta péré ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n dá ilé ìdáná mi padà fún mi.

Ó kan ẹ̀gbọ́n mi. Ó na ìka, dígí ojú fóònù dákẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, àwòrán ń sá lọ. Ẹ̀rọ náà ní iyè rẹ̀ ti ra. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọbìnrin rẹ̀ ti fi aṣọ bo máṣíìnì. Ó ní ẹni tí iyè rẹ̀ ra kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù gbígbóná, àti pé bí oṣù bá parí, òun á gbé máṣíìnì náà fún ẹlòmíì.

N kò ní purọ́ fún yín. Inú mi dùn. Mo sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àìmọye ìgbà ni fóònù mi ti dún lọ́dọ̀ rẹ̀, tó fẹ́ bá mi gbé e, tí dígí kò dá a lóhùn. Abẹ́rẹ́ ti gún ìka yẹn láti ìgbà èwe, áyọ́ọ̀nù ti jó o, ó ti yi bíi gìgísẹ̀. Mo mọ̀, mo panu mọ́.

"Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Owú ni, ọmọ mi. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dùn lẹ́nu, ó wá ń korò.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi sọdá títì wá bá mi ní ilé ìdáná. Ẹni tí kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi rí! Ó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ bíi pé máṣíìnì wà níbẹ̀.

"Àbúrò mi, àṣé iyè mi ti ń ra, n ò mọ̀. O ti wá gbọ́n jù mí lọ. Jọ̀ọ́, kọ́ mi bí o ṣe ṣe é."

Láti kékeré ni mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó sọ ọ́ tán, kò ṣeé gbé mì.

Mo fà á lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. "Nọ́ọ̀sì, orí ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe nǹkan kan. Ìka rẹ̀ ni dígí yín ò gbọ́. Ẹ jẹ́ kó fi ọmọńdinrín ọwọ́ òsì kàn án, abẹ́rẹ́ ò dé ibẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wo ìka, ó wò mí. "Ẹ ti mọ̀ tipẹ́, màmá?"

"Mo mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi, ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Ó fi ọmọńdinrín kan dígí. Dígí dáhùn. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ó fi àwòrán méjì jù mí. Méjì!

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣí aṣọ lórí máṣíìnì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ju ẹ̀wù tí mo wọ̀ yìí sí mi lẹ́sẹ̀. "Gbà, òjòwú." Bóyá ó ti dárí jì mí, n kò bi í. Ẹ sáà wo ọrùn ẹ̀wù náà, bó ṣe rí róbótó. Bí mo bá wọ̀ ọ́, inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Ó tó. Ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ yín, kí kálukú wá ibi sùn sí. Ẹ̀yin méjì tí ẹ ń fojú burúkú wo ara yín níwájú mi yẹn, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹní kan ṣoṣo lẹ máa jọ sùn lé.